Ta Ni Nọ́ńbà Wáànù? Ohun Tí Ìjà Ọjà Sọ Píkọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà Dà

Ẹ bi Ford pé ta ló ń ta píkọ́ọ̀pù ńlá jù ní Amẹ́ríkà, á ní òun ni. Ẹ bi General Motors, òun náà á ní òun ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá dùn ni pé kò sí èyí tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún 2023 wò. Lọ́dún yẹn, Ford ta píkọ́ọ̀pù F-Series tó lé ní 750,000 ní Amẹ́ríkà. Chevrolet Silverado ló tẹ̀lé e, ó tà tó bíi 555,000. Ram ṣe ipò kẹta pẹ̀lú bíi 445,000. Bí ẹ bá dúró síbẹ̀, Ford ti na gbogbo wọn nìyẹn. Àmọ́ General Motors ń fi orúkọ méjì ta ọkọ̀ kan náà. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù Chevrolet, Silverado ni. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù GMC, ó di Sierra. Férémù kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà, bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún. Sierra tà tó bíi 295,000 lọ́dún yẹn. Ẹ ro ìbejì pọ̀, ó di bíi 850,000, Ford sì di ẹni ẹ̀yìn.

Ìdí nìyẹn tí ìpolówó Ford fi máa ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ ọkọ̀, tí ti GM sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́. Láti 1977 ni Ford ti ń sọ pé F-Series ni píkọ́ọ̀pù tó ń tà jù, kò sì sí orúkọ mìíràn tó tíì gba ipò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Òótọ́ ni. GM náà lóun ni ilé-iṣẹ́ tí píkọ́ọ̀pù ńlá rẹ̀ ń tà jù. Òótọ́ ni ìyẹn náà.

Houston ni mò ń gbé, ní Texas, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ra píkọ́ọ̀pù jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é tí ojú mi ò ní máa rí ìjà yìí lójoojúmọ́: lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, níwájú ilé aládùúgbò mi. Ojú sáyẹ́ǹsì ni mo fi ń wò ó, ohun kan ló sì ń gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá gbà láti kà, òun náà ni àwọn ẹnjiníà rẹ̀ máa ń lé. Ohun tí kò bá sí nínú ìṣirò, ojú ò ní tó o. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìṣirò yẹn díẹ̀, ká wo ibi tó gbé ọkọ̀ náà dé.

Adìẹ ló dá ọjà náà sílẹ̀

Ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Kì í ṣe Hilux o. Hilux tí gbogbo wa mọ̀ nílé, tí ọlọ́pàá àti olóṣèlú fẹ́ràn, gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 5.3 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíi mítà 1.85. F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn tó bíi mítà 5.9, ó sì fẹ̀ ju mítà 2 lọ, a ò tíì ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù ńlá.

Hilux yẹn gan-an, ẹ ò lè rí i rà ní tuntun ní Amẹ́ríkà. Adìẹ wà lára ohun tó fà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà mọ adìẹ sìn débi pé ó di ọ̀pọ̀, owó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ń kó o lọ tà ní Yúróòpù. Inú àwọn àgbẹ̀ ọ̀hún kò dùn sí i. Nígbà tó di 1962, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ṣe ọjà kan, tí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Faransé wà lára wọn, bu owó ibodè gọbọi lé adìẹ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ títí, wọn ò gbọ́. Àwọn àgbà ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Ní December 1963, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gba owó ibodè ìdá 25 nínú 100 lórí ọjà mẹ́rin: sítáàṣì ọ̀dùnkún, dextrin, ọtí brandy, àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1964. Volkswagen ni wọ́n fi ti ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ń wá, torí pé Jámánì ń kó píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wọ Amẹ́ríkà nígbà náà.

Ìjà adìẹ parí, àwọn tó jà á ti di ẹni ìtàn. Owó ibodè tó wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù kò kúrò. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe sí ọjà. Tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ti Japan wọlé, owó ibodè rẹ̀ kéré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí Toyota àti Honda fi gba ìdí ọjà yẹn lọ́wọ́ àwọn ará Detroit. Ti píkọ́ọ̀pù, ògiri wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jà ní láti kọ́ fákítọ́rì sí Àríwá Amẹ́ríkà. Toyota ṣe bẹ́ẹ̀. San Antonio níbí ní Texas ni wọ́n ti ń ṣe Tundra. Síbẹ̀ Tundra tà bíi 125,000 ní 2023, kò sì tíì sí ọdún kan tó tà tó 200,000. Nissan kọ́ tirẹ̀ sí Canton ní Mississippi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Titan níbẹ̀ ní 2003, ó sì pa á tì ní 2024. Àwọn mẹ́ta náà ló kù, Ford, GM àti Ram, bí àwọn orogún tó ti jọ ń gbélé láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n mọ àṣírí ara wọn tinútẹ̀yìn.

Owó ńlá sì ni. Ní 2018, Ford kéde pé òun máa fi títa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun sílẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Fiesta, Fusion, Taurus, gbogbo wọn lọ. Píkọ́ọ̀pù dúró.

Kí ló ń jẹ́ ọkọ̀ tí a tà?

Ìbéèrè yìí dà bí èyí tó rọrùn. Oníbàárà san owó, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ní 2019, Ram ṣe ohun tí ẹnì kankan ò rò: ó gba ipò kejì lọ́wọ́ Silverado. Ó tà bíi 633,000, Silverado tà bíi 575,000. Píkọ́ọ̀pù Ram tuntun dára lóòótọ́, inú rẹ̀ gún régé. Àwọn òṣìṣẹ́ GM náà sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́ lọ́dún yẹn. Àmọ́ ohun kẹta wà níbẹ̀. Nígbà tí Ram gbé ọkọ̀ tuntun jáde, kò dá ti àtijọ́ dúró. Ó pè é ní Classic, ó ń tà á lówó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tuntun, nígbà tí àkókò ìṣirò bá sì dé, méjèèjì á wọnú nọ́ńbà kan. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ pé Ram na Silverado, á rò pé ọkọ̀ kan ló na ọkọ̀ kan.

Ìtàn kan tún wà tó le ju ìyẹn lọ. Ní September 2019 kan náà, Fiat Chrysler, ilé-iṣẹ́ tó ni Ram nígbà náà, gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là láti yanjú ẹ̀sùn tí SEC fi kàn án. SEC ni àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta ìpín ìdókòwò fún ará ìlú. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe nípa píkọ́ọ̀pù nìkan, gbogbo ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ló kàn. SEC ní láàárín 2012 sí 2016, wọ́n ń bu nọ́ńbà oṣooṣù wọn. Wọ́n ń san owó fún àwọn dílà kan kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti ta ọkọ̀ tí wọn ò tíì tà. Wọ́n tún ní kóló kan: bí oṣù bá dára, wọ́n á fi díẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n tà lóòótọ́ pa mọ́ láì kéde rẹ̀, bí oṣù bá burú, wọ́n á já kóló, wọ́n á fi kún un. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo ayé pé títà àwọn ń lọ sókè lóṣooṣù láì dáwọ́ dúró, nígbà tó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí SEC ṣe wí, ìtẹ̀síwájú yẹn ti já ní September 2013. Ilé-iṣẹ́ náà san owó, kò ní òun ṣe é, kò sì ní òun ò ṣe é.

GM ní tirẹ̀ ti jáwọ́ nínú kíkéde nọ́ńbà lóṣooṣù láti April 2018. Ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ kéré jù láti fi mọ ibi tí ọjà ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ló ń kéde báyìí, àwọn kan nínú àwọn tó kù sì tẹ̀lé e. Mo fara mọ́ ọn. Òjò dídì kan ṣoṣo, ẹ̀dínwó ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan, tàbí oṣù tó ní Sátidé márùn-ún, gbogbo wọn lè ti nọ́ńbà oṣù kan sókè sódò láì jẹ́ pé ohunkóhun yí padà. Ẹni tó bá ń wọn ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n láràárọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Irin ń bá àlùmíníọ́mù jà

Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ìjà náà wọ inú bọ́dì ọkọ̀ lọ. Ìjọba fẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo díẹ̀ sí i. Oníbàárà fẹ́ gbé ẹrù sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, àfi kó dín ìwọ̀n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kù. Ford ṣe ohun tó ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù lórí ọjà tó ń bọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀: F-150 ti 2015, ó yọ irin kúrò lára bọ́dì àti ẹ̀yìn tí ẹrù ń wà, ó fi àlùmíníọ́mù dípò. Férémù abẹ́ nìkan ló ṣì jẹ́ irin. Ọkọ̀ náà fi tó 700 pọ́ùn fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kílò 318. Ẹ ro ó bí ẹni tó sọ àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà kalẹ̀ kó tó gbéra nílé.

Báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Bí ẹ bá mú irin àti àlùmíníọ́mù tó tóbi bákan náà, irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìwọ̀n lítà kan irin jẹ́ bíi kílò 7.8, ti àlùmíníọ́mù jẹ́ 2.7. Àmọ́ ẹ̀bùn yẹn ní gbèsè lẹ́yìn, torí àlùmíníọ́mù rọ̀ láti tẹ̀ ju irin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta náà. Kí ni wọ́n wá rí jẹ níbẹ̀? Ohun tó gbà wọ́n ni pé ìnípọn máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ojú ṣe rò lọ. Bí ẹ bá mú pẹlẹbẹ kan nípọn ní ìlọ́po méjì, kò ní le láti tẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Nítorí náà, mo ṣírò rẹ̀: àlùmíníọ́mù tó bá fi díẹ̀ dín ní ìdajì nípọn ju irin lọ á le tó irin, kò sì ní wúwo ju ìdajì irin yẹn lọ. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì mẹ́fà yẹn ti wá.

Jíjó o pọ̀ tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Atẹ́gùn máa ń da awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo àlùmíníọ́mù. Àlùmíníọ́mù fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 660, ṣùgbọ́n awọ yẹn kì í yọ́ títí yóò fi kọjá dígírì 2,000. Ìyẹn ni pé irin inú á ti di omi nígbà tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé iná ń jó. Iná mànàmáná náà sì tún ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, kò rọrùn láti fi iná náà gbóná ojú kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún irin. Ford wá lo rífẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù líle, bí àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń ṣe. Kò jọ mí lójú pọ̀. Alan Mulally tó jẹ́ ọ̀gá Ford láti 2006 títí di 2014, Boeing ló ti wá.

Chevrolet ò dákẹ́. Ní 2016, wọ́n ṣe ìpolówó kan tí wọ́n ti da búlọ́ọ̀kù ńlá ńlá sí ẹ̀yìn Silverado onírin, tí wọ́n sì da irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn F-150. Ti Silverado tẹ̀ wọlé. Ti F-150 lu. Àwọn èèyàn pariwo. Àwòrán náà kò parọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n yàn láti wọ̀n: orígun búlọ́ọ̀kù tó gún ojú kan ṣoṣo. Ibi tí irin ti dára jù nìyẹn. Wọn ò wọn epo, wọn ò wọn ìpata, wọn ò wọn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà. Nígbà tí Silverado tuntun sì jáde fún 2019, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ń ṣí kó ẹrù. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o.

Ta ló ń máàkì ìwé ìdánwò?

Ibi tí ìjà ti gbóná jù ni fífa tirélà. Àwọn ará ibí máa ń so ọkọ̀ ojú omi, àgọ́ ẹṣin, tàbí ilé onítáyà mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, iye pọ́ùn tí ọkọ̀ lè fà sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ìpolówó máa ń pariwo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìdánwò tirẹ̀, òun náà ló ń máàkì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kéde nọ́ńbà kan lónìí, ẹlòmíì á fi igba pọ́ùn lé e lọ́la. Ẹni ìta ò ní ọ̀nà láti mọ ohun tó yí padà.

Ti gbígbé ẹrù náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 2014, ó jáde nínú ìròyìn pé nígbà tí Ford ń ṣírò ẹrù tó pọ̀ jù tí Super Duty rẹ̀ lè gbé, ó ń yọ ìwọ̀n sípíà táyà, jáàkì, rédíò àti àpótí àárín ìjókòó kúrò lára ọkọ̀ kó lè fúyẹ́. Ta ló ń ra ọkọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, tí á ní kí wọ́n bá òun yọ sípíà sílẹ̀? Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà lu síta, Ford lóun á yí ìṣirò náà padà.

SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀, ti ń gbìyànjú láti fòpin sí irú eléyìí. Ní 2008, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n pè ní J2807. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé kì í ṣe inú yàrá ni wọ́n ti ń dán an wò. Òkè gidi ni. Ní ìpínlẹ̀ Arizona, nítòsí ìdídò Davis Dam tó wà lórí Odò Colorado, ojú ọ̀nà kan wà tó gun òkè fún nǹkan bíi kìlómítà 18, tó sì gbéni ga tó bíi mítà 900. Ẹ ti ìsàlẹ̀ gbéra, kí ooru ibẹ̀ má dín ní bíi dígírì 38. Ẹ tan ẹ́ẹ̀sì dé òpin. Ẹ so tirélà mọ́ ọn. Eré ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju bíi kìlómítà 64 ní wákàtí lọ títí tí ẹ ó fi dókè, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn. Ká ní ọkọ̀ àti tirélà pọ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù méje. Láti gbé tọ́ọ̀nù méje ga tó mítà 900, ẹ nílò bíi mílíọ̀nù 62 joule. Lítà pẹtiróòlù kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 nínú, ìyẹn ni pé lítà méjì tó. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kì í lo ju bí ìdá mẹ́ta kan epo rẹ̀ lọ, èyí tó kù á di ooru. Nítorí náà lítà mẹ́fà ló máa jó, mẹ́rin nínú rẹ̀ á di ooru lásán, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún péré, ní ọ̀sán tí oòrùn ń jó èèyàn. A ò tíì ka atẹ́gùn tó ń ti tirélà sẹ́yìn. Apá kan ooru yẹn á bá èéfín jáde. Púpọ̀ nínú èyí tó kù, radíétọ̀ ló máa lé e, radíétọ̀ ò sì lè lé ooru láì jẹ́ pé atẹ́gùn ń rọ́ wọlé níwájú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ radíétọ̀ yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí ẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi òkè yìí wọn òun? Toyota ni, pẹ̀lú Tundra ti 2011. Nọ́ńbà rẹ̀ já wálẹ̀. Ó dá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, òtítọ́ ń pa á lára, torí pé àwọn ará Detroit ṣì ń lo òṣùwọ̀n tara wọn. GM ti fẹ́ gbà á fún 2013. Nígbà tí Ford ní òun máa dúró di ìgbà tí ọkọ̀ òun tuntun bá jáde, GM fà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré lórí pátákó. Ìgbà tó di ọkọ̀ ti 2015 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbà á.

Ẹni tí òṣùwọ̀n ò kà

J2807 ṣe ohun rere kan tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ò ní fura sí: ó ka àwọn èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Awakọ̀ kan, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kílò 68 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ń dá wa ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń sọdá níwájú ọkọ̀ ni kò sí nínú ìṣirò kankan.

Ẹ padà sí radíétọ̀. Iwájú ọkọ̀ tó fẹ́ lé ooru tó pọ̀ ní láti tóbi, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ojú àwọn píkọ́ọ̀pù yìí fi ga. Kì í ṣe gbogbo ìdí rẹ̀. Láti 1994 tí Dodge ti gbé Ram kan jáde tí ojú rẹ̀ jọ ti tirélà akẹ́rù ńlá, tí títà rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ lọ́dún kan, gbogbo wọn ti mọ̀ pé ojú tó ń dẹ́rù bani ń tà. Ìjọba náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Láti 2011, iye epo tí ìjọba ń retí pé kí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré máa jẹ dá lórí bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣe jìnnà síra tó: bí ọkọ̀ bá ṣe tóbi tó ni òfin ṣe ń rọ̀ fún un tó. Bí wọ́n bá kà báyìí, kí ni ẹ rò pé ilé-iṣẹ́ máa kọ́?

Consumer Reports wọ̀n ọ́n: láti 2000, bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn píkọ́ọ̀pù ti ga sí i tó ìdá 11 nínú 100, ó kéré tán. Èmi náà mú tépù lọ sídìí píkọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, inú rẹ̀ dùn láti fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn mí. Eteetí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kàn mí láyà. Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní dúró níwájú rẹ̀, mo jókòó sídìí síárìn, mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, kódà mi ò rí rìbọ́ọ̀nù orí rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìgbà tó fa tirélà kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò, tirélà wo?”

Kò dá wà. Ìwádìí tí Axios gbé jáde ní 2023 nípa àwọn tó ni F-150 fi hàn pé ìdá 63 nínú 100 wọn kì í sábà fa tirélà, tàbí kí wọ́n má fà á rárá. Ìdá 29 ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fà á déédéé kò ju ìdá 7 lọ. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú ìjà Davis Dam yẹn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ò ní ṣe ni wọ́n ń jà á.

Kí ló dé tí gíga yẹn fi ṣe pàtàkì? Ibi tí ìwọ̀n ara àgbàlagbà ti pé sójú kan wà nítòsí ìdodo, bíi mítà kan sókè ilẹ̀. Bí iwájú ọkọ̀ bá lù ú nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹsẹ̀ á kúrò nílẹ̀, èèyàn á yí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lè kú, ó sì lè yè é. Bí ọkọ̀ bá lù ú lókè ibẹ̀, orí àti àyà ló máa lọ sẹ́yìn, á ṣubú sílẹ̀ níwájú táyà. Ti ọmọdé burú jù, torí ibi tí ìwọ̀n tirẹ̀ ti pé sójú kan kéré sí i gan-an.

Ní November 2023, IIHS, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ láti máa yẹ ààbò ọkọ̀ wò, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ìjàm̀bá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000 tí ọkọ̀ ti lu ẹlẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ ga ju bíi mítà kan lọ máa ń pa ẹni tó lù ní bíi ìdá 45 nínú 100 ju èyí tí iwájú rẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 76 lọ, tó sì dagun sẹ́yìn. Ẹ fi èyí lé nọ́ńbà mìíràn lórí: ní 2009, ẹlẹ́sẹ̀ tó lé ní 4,100 ni ọkọ̀ pa ní Amẹ́ríkà. Ní 2022, wọ́n lé ní 7,500. Mi ò ní di gbogbo rẹ̀ ru píkọ́ọ̀pù. Òru ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, lójú títì tó fẹ̀ bí odò, tí kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Àmọ́ nínú gbogbo ìpolówó tí mo ti rí, kò sí èyí tó sọ iye sẹ̀ǹtímítà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì òun fi kéré ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ní September 2024, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, gbé àbá òfin kan kalẹ̀: kí wọ́n máa fi orí èèyàn àtọwọ́dá lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tuntun, ti ọmọdé àti ti àgbàlagbà, kí wọ́n sì wọn bí ó ṣe le tó. Àbá náà fi ààlà sí i: ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò bá ju 10,000 pọ́ùn lọ nìkan ló kàn. F-150 wà nínú rẹ̀. F-450 wà lóde. Nígbà tí Ford bá sì ń ka F-Series, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń wọ̀.